Ìwé Adìde Lórí Àṣà Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: Èwo Ló Ń Kọ́mọ, Èwo Ló Kàn Ń Dìde?

Bí ìwé yìí bá wà ní pípadé, kò yàtọ̀ sí ìwé àwòrán mìíràn, àfi pé ó wú bí ẹni pé wọ́n ki nǹkan sí i nínú. Ẹ ṣí i, àwòrán á nàró. Pop-up ni àwọn tó ń tà á ń pè é. Ìwé adìde la ó máa pè é níhìn-ín. Atẹ̀wé kékeré kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ló gbé e jáde fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹta sí ìkarùn-ún ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ojú mẹ́fà ló ní, ojú kan jẹ́ ewé méjì tó kọjú síra. Ewé kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20, ó sì ga ní 25. Ọbańta, ọba Ìjẹ̀bú ayé àtijọ́, ló ṣáájú, yàrà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Erédò Sùngbọ́ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọdún Ojúde Ọba, aṣọ, oúnjẹ, ìlú Ṣágámù ló sì kẹ́yìn. Iye tí wọ́n ń tà á tó iye ìwé kíkà lásán mẹ́rin.

Owó yẹn á kọ́kọ́ dun ọ̀gá iléèwé. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ lè tẹ ìwé adìde, ẹ̀rọ lè gé e, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló ń ká a, òun náà ló ń lẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí láyé Lothar Meggendorfer, ará Jámánì tí irú ìwé yìí sọ di olókìkí ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní àwọn iléeṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá lónìí. Ẹ̀dà kan ṣoṣo nínú èyí tí à ń wò yìí ní etí ìlẹ̀mọ́, ìyẹn etí bébà tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù sí, tó lé ní àádọ́rin. Bí ọ̀kan bá wọ́, ojú kan ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ó kù ká mọ̀ bóyá gbogbo làálàá yẹn mú ẹ̀kọ́ wá. Ìbéèrè kan la fi wọn ojú kọ̀ọ̀kan: kí ni dídìde àwòrán yìí sọ fún ọmọ tí àwòrán tó sùn pẹlẹbẹ kò ní lè sọ? Ojú mẹ́ta dáhùn. Ọ̀kan kólòlò. Méjì dákẹ́.

Ojú kẹfà ló dára jù, ẹ jẹ́ ká tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1872, nígbà tí ogun kò jẹ́ kí ìlú kéékèèké fọkàn balẹ̀, ìlú 13 ní Rẹ́mọ kó ara wọn jọ síbi kan, ibẹ̀ ló di Ṣágámù. Tíṣà lè sọ gbólóhùn yìí nígbà mẹ́wàá, kí ọmọ ọdún mẹ́jọ sì ṣì máa rò pé bí Ṣágámù ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ṣe ìwé yìí ronú jinlẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n gé ilé kéékèèké 13, wọ́n fi mẹ́fà sí apá òsì, mẹ́fà sí apá ọ̀tún, wọ́n sì gbé ọ̀kan lé orí ìká àárín gan-an, ìlà tí ewé méjèèjì ti ń ká pọ̀. Èyí tó wà láàárín yẹn ni Ọ̀fin, níbi tí ààfin Akárígbò, ọba Rẹ́mọ, wà. Bí ìwé bá ṣe ń ṣí, apá bébà tóóró tó gbé ilé kọ̀ọ̀kan á máa yí, ilé á fi ẹ̀gbẹ́ ìwé sílẹ̀, á máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo wọn á fi yí Ọ̀fin ká. Ẹ pa á dé, wọ́n tún tú ká. Ọmọ tó bá ṣí i lẹ́ẹ̀mejì ti lóye ohun tí kíkó ara ẹni jọ jẹ́, ó sì ti ń ka ilé láìjẹ́ pé ẹnì kan ní kó kà á.

Àwọn apá tóóró wọ̀nyẹn náà ni àléébù ojú yìí. Sẹ̀ǹtímítà kan péré ni wọ́n fẹ̀, bébà gíráàmù 160 (ìwọ̀n mítà onígun mẹ́rin kan rẹ̀) ni wọ́n sì fi ṣe wọ́n. Ó kéré. Apá tó ń gbé nǹkan rìn kò gbọdọ̀ fẹ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀, kí bébà rẹ̀ sì tó gíráàmù 220 tàbí 250. Èyí tó tún burú ni pé méjì nínú àwọn tó wà lápá òsì ni wọ́n gé dábùú okùn bébà. Bébà ní okùn nínú bíi ti pákó, ọ̀nà kan náà ni gbogbo rẹ̀ tò sí. Bí ìlà ìká bá bá okùn náà lọ, á ká wẹ́rẹ́, á sì pẹ́. Bí ó bá dábùú rẹ̀, ojú ìká á sán, á hu irun, á já. Ó hàn pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ kí bébà kan bí apá púpọ̀, wọ́n wá ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún nígbà tí wọ́n ń gé e. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí okùn bébà kọjú sí, kó gé ègé kékeré onígun mẹ́rin, kó fi ìka tó tutù ra ojú kan: bébà náà á ká bíi páìpù, ibi tí ihò páìpù náà dojú kọ ni okùn tò sí.

Lẹ́tà tí wọ́n fi kọ orúkọ ìlú sára ilé náà kéré jù, ọmọ tó jókòó níwájú nìkan ló lè kà á. Ẹ kọ orúkọ 13 náà gàdàgbà sórí pátákó kí ẹ tó ṣí ojú yìí.

Erédò Sùngbọ́ sún mọ́ Ṣágámù ní dídára, ṣùgbọ́n àṣìṣe kan wà níbẹ̀ tó ju bébà yíya lọ. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èyí tó dára. Bébà mẹ́ta ló tò tẹ̀ lé ara wọn lórí ìká àárín, wọ́n gé ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi lẹ́tà U, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ga ní sẹ̀ǹtímítà 12, àárín rẹ̀ sì wọlẹ̀ tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìwé. Ọmọ á gbé ojú rẹ̀ sílẹ̀ sí etí tábìlì, á wo inú àwọn U náà bí ẹni tó dúró sínú yàrà. Ohun tó yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Yàrà àti odi amọ̀ ni Erédò, ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bíi kìlómítà 160, igbó sì ti bò ó débi pé ènìyàn lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó má mọ̀. Àwòrán fọ́tò rẹ̀ kì í fi jíjìn rẹ̀ hàn, ewé àti igi ló máa ń gba gbogbo ojú fọ́tò. Bébà U mẹ́ta yìí fi hàn.

Àṣìṣe náà ni ènìyàn tí wọ́n dá dúró sí ìsàlẹ̀ yàrà náà. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin ló ga. Odi sẹ̀ǹtímítà 12 wá jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ènìyàn. Ṣé ẹ rí i? Bí ẹni náà bá jẹ́ àgbà tó ga ní mítà 1.7, odi yẹn di nǹkan bíi mítà márùn-ún, kò ju ilé alájà kan tó ga díẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀, láwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó mítà 20. Kí ìṣirò tó bọ́ sí i, ènìyàn náà kò gbọdọ̀ ga ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn: ẹ fi abẹ yọ ti àkọ́kọ́, ẹ gé tuntun nínú kádíbọ́ọ̀dù, ẹ fi ìdajì sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún etí ìlẹ̀mọ́, ẹ fi í síbi tí tẹ́lẹ̀ wà. Àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún lè ṣe ìṣirò náà fúnra wọn nínú iṣẹ́ mathimátíìkì, ó bá ìpín àti ìdọ́gba mu dáadáa.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀ náà nílò àtúnṣe. Wọ́n sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí òótọ́ tó ti fìdí múlẹ̀ pé Bílíkísù Sùngbọ́ tí wọ́n ń bọlá fún ní Òkè-Ẹ̀rì ni Ọbabìnrin Ṣébà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni, ó sì yẹ kí ọmọ Ìjẹ̀bú gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n pẹ̀lú “wọ́n ní”. Ọbabìnrin Ṣébà tó lọ wo Sólómọ́nì ti wà ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún kí wọ́n tó bí Jésù. Ọjọ́ orí tí àwọn awalẹ̀pìtàn fún yàrà náà kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n sì fo ohun kan tí ọmọ ì bá fi yangàn: láti 1995 ni Nàìjíríà ti fi Erédò sórí àkójọ àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO gbé yẹ̀wò gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé.

Ojúde Ọba ni ojú kẹta. Èyí kì í ṣí pẹlẹbẹ. Ewé kan á sùn sílẹ̀, èkejì á nàró lẹ́yìn bí ògiri. Ìpele mẹ́ta ló dìde láàárín wọn: ti ẹ̀yìn jìn sí ògiri ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ó sì ga ní 10, ti àárín jìn ní mẹ́fà ó ga ní mẹ́jọ, ti iwájú jìn ní mẹ́sàn-án ó ga ní mẹ́fà. Ẹ kíyè sí àwọn nọ́ńbà yẹn, nítorí òfin tó gbé ìwé adìde ró wà nínú wọn: ẹ ro jíjìn pọ̀ mọ́ gíga, kò gbọdọ̀ ju fífẹ̀ ewé lọ. Mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ewé fẹ̀ ní 20. Kò sí èyí tó máa yọ síta bí a bá pa á dé. Torí pé ti iwájú kúrú ju ti ẹ̀yìn lọ ni ojú ṣe ń rí gbogbo wọn.

Àwọn regbéregbé ló wà lẹ́yìn, àwọn ẹlẹ́ṣin ìdílé Balógun wà láàárín, ìlù àti èrò wà níwájú, ààfin Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, sì ni wọ́n tẹ̀ sára ògiri. Ìpele yìí bá ọ̀rọ̀ mu, torí ojúde ni wọ́n ń fi hàn: iwájú ààfin, níbi tí ẹgbẹ́ kan ti ń kọjá tẹ̀ lé òmíràn. Wọ́n sì kọ ọjọ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ọjọ́ kẹta Ìléyá.

Níbi àwọ̀ ni wọ́n ti kùnà. Gbogbo regbéregbé ló wọ aṣọ àwọ̀ ewé kan náà. Ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí pa pọ̀ ni regbéregbé, oníkálukú ló ní orúkọ tirẹ̀, aṣọ tí wọ́n jọ mú lọ́dún náà sì ni aráàlú fi ń dá wọn mọ̀. Bí gbogbo wọn bá di àwọ̀ kan, ọmọ á rò pé èrò lásán ni. Ì bá sàn kí wọ́n fi í sílẹ̀ ní funfun kí ọmọ kùn ún fúnra rẹ̀.

Ẹṣin kan wà láàárín tí orí rẹ̀ ń mì bí a bá fa etí bébà kan nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ọmọ máa ń sáré lọ, ibẹ̀ náà ló sì máa ń kọ́kọ́ há. Bébà tí à ń fà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà méjì, ihò tí wọ́n gé fún un fẹ̀ ní méjì gẹ́ẹ́. Nígbà òjò, bébà á fa omi inú afẹ́fẹ́, á wú, á sì fún mọ́ ihò. Ọmọ á fi agbára fà á, ọrùn ẹṣin á já. Ihò gbọdọ̀ fi mílímítà méjì ju bébà lọ. Ẹ fi abẹ yọ mílímítà kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí ẹ sì fi àbẹ́là ra ẹ̀yìn àti iwájú bébà náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Á máa yọ̀ bí ilá.

Àtúnṣe kan tó kù níbẹ̀: ìwé náà kọ ọ́ pé Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà ni Awùjalẹ̀ tó wà lórí ìtẹ́. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ kí Kábíyèsí tó wàjà ní oṣù keje 2025. Ẹ gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ kọ “ó jọba láti 1960 di 2025” sí i, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀.

Ojú oúnjẹ ló kólòlò. Àgbá bébà tó ń yí ni wọ́n lò, ó ní fèrèsé kan lójú. Bí a bá ṣe ń yí i, ìpele sísè ìkọ́kọrẹ́ á máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni, torí oúnjẹ ní ìtò, àgbá sì ní ìtò. Ìpele mẹ́rin àkọ́kọ́ dára: bíbó ewùrà, rírin ín, fífi iyọ̀ sí i, gbígbé ọbẹ̀ epo pupa, ata, àlùbọ́sà àti ẹja kaná. Ní ìkarùn-ún, wọ́n ya ìyá kan tó ń fi omorogùn ro ó bí ẹni ń ro àmàlà! Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tó máa gba ìyẹn. Ńṣe ni wọ́n ń fọwọ́ bu ewùrà rírin sínú ọbẹ̀ tó ń hó lódindi-lódindi, wọ́n á bò ó fún ìgbà díẹ̀ láìfọwọ́ kàn án kó lè gan, kí wọ́n tó rọra rò ó pọ̀. Bí wọ́n bá yára rò ó, ó di àsáró ẹlẹ́bọ̀tọ̀, kóró-kóró tó jẹ́ ẹwà ìkọ́kọrẹ́ á sì pòórá. Ẹ ya ìpele yẹn tuntun, ẹ lẹ̀ ẹ́ lé ti tẹ́lẹ̀ lórí. Gàrí Ìjẹ̀bú kò sí níbẹ̀ rárá. Ìyẹn kò yé wa.

Ojú aṣọ àti ojú Ọbańta kò ní gba àkókò. Ti aṣọ, wọ́n ya olóyè kan tó gbé ìtàgbè, aṣọ ọlọ́nà tí olóyè ń lò, lé èjìká, òun ló nàró. Kí ni nínàró rẹ̀ kọ́ ọmọ nípa aṣọ? Kò sí. Ohun tó jẹ́ àrà nínú aṣọ ọlọ́nà ni híhun: ọ̀nà bí ọ̀pọ̀lọ́ àti ọ̀nì tí òwú ń yọ sójú rẹ̀, àti irun-irun rẹ̀ tó dà bíi ṣàkì, ìka ni ènìyàn fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹyọ òwú kan tí wọ́n bá so mọ́ ojú ewé náà ì bá ti ju àwòrán lọ. Ẹ gé kádíbọ́ọ̀dù kan tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, tó sì gùn ní 15, ẹ gé eyín kéékèèké sí orí àti ìdí rẹ̀, ìdajì sẹ̀ǹtímítà síra wọn, ẹ fi òwú ta á, kí ọmọ máa fi òwú mìíràn wọ abẹ́ ọ̀kan, orí ọ̀kan. Wọ́n á kọ́ púpọ̀ sí i níbẹ̀.

Ọbańta náà kàn dúró ni, pẹ̀lú adé, níwájú ẹnubodè. Bẹ́ẹ̀ orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún ìwé adìde: ọba wà ní ìta. Ilẹ̀kùn bébà méjì tí ọmọ á ṣí láti inú ìlú, kí ọba yọ lóde, ó tán. Wọn kò ṣe é. Oríkì tó wà lábẹ́ rẹ̀, “Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè, ọmọ Awùjalẹ̀, ọmọ arójòjoyè”, ló gba ojú náà là.

Ẹ óò rí i pé Agẹmọ, òrìṣà tí àwọn ará Ìjẹ̀bú ń bọ, kò sí nínú ìwé yìí. A gbọ́ tí àwọn kan ń kùn nípa ìyẹn, wọ́n ní báwo ni ènìyàn ṣe máa sọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú láìdárúkọ Agẹmọ. A gbà pé ó yẹ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀, kódà kí wọ́n fi àwòrán ilẹ̀ hàn bí àwọn ọlọ́jà Agẹmọ 16, ìyẹn àwọn olórí rẹ̀, ṣe ń ti ìlú wọn wá pàdé ní Ìmosàn. Kí wọ́n gbé Agẹmọ fúnra rẹ̀ dìde lórí bébà, ìyẹn ni wọ́n ṣe dáadáa tí wọn kò ṣe. Obìnrin kì í wò ó, ìdajì kíláàsì sì jẹ́ ọmọbìnrin. Tíṣà tó bá fi ìwé bẹ́ẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ máa rí ìyá-ọmọ àti bàbá-ọmọ ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì.

Yorùbá àjùmọ̀lò ni wọ́n fi kọ ọ́, àmì ohùn sì pé, àfi ní ojú oúnjẹ níbi tí ẹ̀rọ ti gbé gbogbo àmì ìsàlẹ̀ jù sọ́nù, tí “ọ” di “o”. Ẹ fi bíró kan àmì náà padà kí ọmọ tó há a sórí. Ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀bú kò sí, bẹ́ẹ̀ “ulé” tí bàbá àgbà ń pe ilé tó ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fi pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀kùn bébà kan.

Ní ti bébà àti ojú ọjọ́: ìpìlẹ̀ ìwé náà lágbára, gíráàmù 300. Gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tó lẹ ojú kejì bu omi là á jù, ewé ibẹ̀ sì ti ká. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ògì tàbí ẹ̀kọ tún un lẹ̀ o, aáyán àti eku á fi ṣe oúnjẹ alẹ́. Láti oṣù kẹrin sí ìkẹwàá, ẹ fi ìwé náà sínú ọ̀rá tó ṣe é dì pa, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ẹ gbé pákó fífúyẹ́ lé e. Kó má kan ògiri. Bí ẹ bá gbé e nàró sórí pẹpẹ, àwọn bébà inú rẹ̀ á fì sí apá kan, tí wọn kò sì ní dúró gbọn-in mọ́. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, bébà á gbẹ, ojú ìká á máa sán. Ìgbà yẹn ló yẹ kí wọ́n máa rọra ṣí i jù lọ.

Etí ìlẹ̀mọ́ tó bá já, sẹ́lò kọ́ ni wọ́n ń fi tún un ṣe. Ooru á yọ sẹ́lò, á di àwọ̀ ìyeyè, á fa bébà ya síwájú sí i. Ẹ gé aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan, ẹ fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ ra á, ẹ lẹ ìdajì rẹ̀ mọ́ bébà, ìdajì mọ́ ewé. Ẹ ki ọ̀rá sáàárín kí ewé méjèèjì má baà lẹ̀ pọ̀, ẹ pa á dé, ẹ gbé nǹkan wúwo lé e fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Aṣọ ń ká láìsán, ó sì lè pẹ́ ju bébà tó gbé e lọ.

Ìṣòro tó tóbi jù ní kíláàsì kò sí lọ́wọ́ atẹ̀wé. Iwájú nìkan ni àwòrán adìde ní. Ọmọ tó bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́, etí bébà ló ń rí. Kí tíṣà gbé ìwé kan dúró níwájú ọmọ 45, ìnáwó lásán ni. Àmọ́, ẹ̀yìn-sí-ẹ̀yìn ni wọ́n lẹ ojú mẹ́fà wọ̀nyí pọ̀, ó sì ṣe é tú. Ẹ ki rúlà irin pẹlẹbẹ sáàárín ẹ̀yìn méjì, ẹ máa rọra fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún títí gọ́ọ̀mù á fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ páálí tí ẹ gé nínú káátọ́ọ̀nù, ẹ fi ibi ìká sílẹ̀ láìlẹ̀. Ẹ wá ní ìwé kéékèèké mẹ́fà fún ẹgbẹ́ mẹ́fà, ọmọ méje tàbí mẹ́jọ nínú ẹgbẹ́ kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ojú kan, kí wọ́n pààrọ̀: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti lọ, mẹ́wàá á kù nínú ogójì fún ìbéèrè. Ọmọ kan ṣoṣo ni kó máa ṣí i, kó fi ọwọ́ méjèèjì di etí ìta mú, kí àwọn tó kù máa ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, kí ìwé sì ṣí tán ní “àrún”. Kíkà yẹn kì í ṣe eré. Yíyára ṣí ni ohun tó ń pa ìwé adìde jù.

Iléèwé tí owó rẹ̀ kò tó kò pàdánù gbogbo rẹ̀. Ojúde Ọba onípele kan ṣe é ṣe lọ́wọ́ ọmọ. Kádíbọ́ọ̀dù ńlá kan ń bí A4 mẹ́rin. Fún ọmọ 45, méjì-méjì sídìí iṣẹ́ kan, A4 23 la nílò, ìyẹn kádíbọ́ọ̀dù ńlá mẹ́fà. Ẹ fi bíró tí yíǹkì rẹ̀ ti tán àti rúlà tẹ ìlà sí àárín kí ẹ tó ká a, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìká á wọ́. Lórí ìká yẹn, ẹ sàmì sí ibi méjì tó jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin. Láti ibi kọ̀ọ̀kan, ẹ gé e wọlé ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún gẹ́ẹ́, kí gígùn méjèèjì dọ́gba. Ẹ ṣí i, ẹ fi ìka ti apá tó wà láàárín sínú, á di àpótí kékeré tó ga ní márùn-ún, tó sì jìn ní márùn-ún. Iwájú àpótí yẹn ni wọ́n á lẹ ẹlẹ́ṣin mọ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni kó gba gọ́ọ̀mù. Bí àpótí bá wọ́ sí apá kan, gígé méjèèjì kò dọ́gba. Bí kò bá fẹ́ ká padà, wọ́n lẹ ẹlẹ́ṣin mọ́ ògiri ẹ̀yìn láìmọ̀. Àwọn ọmọ lè lo sísọ́ọ̀sì; abẹ, ọwọ́ tíṣà ni kó wà.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ti atẹ̀wé yẹn náà, ẹ má sanwó lójú ẹsẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ ṣí ojú kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ fa orí ẹṣin, ẹ ka ilé Ṣágámù bóyá ó pé 13, nítorí a rí ẹ̀dà tó jẹ́ 12. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ìwé dé, ẹ wo etí mẹ́ta tó ṣí sílẹ̀. Bí bébà kankan bá yọ síta, ì báà ṣe mílímítà kan, ẹ dá a padà: ibẹ̀ ni àpò ọmọ máa kọ́kọ́ fà ya.